Òkúta Tí A Tẹ́ Sí Ilé Ìdáná Màmá

Ọjọ́ tí mo lọ ra òkúta tí a fẹ́ tẹ́ sí ilé ìdáná màmá mi, ńṣe ni ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ bá mi kẹ́dùn.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Pápá Àjàó, láàárín wẹ́dà kan àti ẹni tó ń ṣe àga. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jáde sí mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì, ṣùgbọ́n eruku òkúta ti bo bàtà rẹ̀ débi pé èèyàn kò lè mọ àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀. Mo ní òkúta ni mo fẹ́ rà.

"Ti ta ni, Àǹtí?"

"Ti màmá mi."

Ó fọwọ́ kan táì rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin." Mo rò pé ó fẹ́ mọ irú òkúta tó bá àgbàlagbà mu ni. Inú mi tilẹ̀ dùn pé a ti ní oníṣòwò tó ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní Múṣín.

"Ẹ dúpẹ́, wọ́n gbó. Ọlọ́run á bá wa dá ẹ̀yìn tí wọ́n fi sílẹ̀ sí. Ẹ máa bọ̀ lápá ibí."

Apá ibẹ̀ ni wọ́n to àwọn òkúta ibojì sí. Ọ̀kan ní àgbélébùú, òmíràn ní ojú roboto tí wọ́n máa lẹ fọ́tò olóògbé sí. Ó ti ń fọwọ́ nu eruku orí ọ̀kan kí n tó lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Màmá mi wà láàyè o! Ilé ìdáná ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi ṣe!"

Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Ó yí mi padà, ó mú mi lọ sí apá kejì ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Òkúta kan náà ni. Bí a bá ṣe gé e ló yàtọ̀."

Mo sọ ìtàn yìí ní ọ́fíìsì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo tún sọ ọ́ níbi ọjọ́ ìbí méjì. Mi ò sọ ọ́ mọ́ báyìí.

Tíṣà ni màmá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ilé kékeré kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tí àwọn àti bàbá mi jọ kọ́, ni wọ́n ń dá gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà lókè òkun fẹ́ kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Èmi fẹ́ kí wọ́n wá bá mi ní Yábàá. Nígbà tí ariwo wa pọ̀ jù, wọ́n pe àwa méjèèjì pọ̀ lórí fóònù, wọ́n sì sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń kọ nǹkan sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì.

"Ọjọ́ tí mi ò bá lè dáná jẹ fúnra mi mọ́, ẹ wá kó mi. Títí di ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n gbádùn ilé mi."

A gbà. Gbogbo ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà, kí ọjọ́ yẹn má baà dé ni a ṣe é fún.

Ilé ìdáná wọn kéré. Bí èèyàn méjì bá wà níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ tọrọ gáfárà kó tó yíjú. Orí àpótí kékeré kan ni wọ́n máa ń jókòó sí. Gáàsì olójú kan wà nílẹ̀ níwájú wọn, ìkòkò wà lọ́wọ́ ọ̀tún, omi wà lọ́wọ́ òsì, ata àti iyọ̀ wà lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ wọn máa tó láì bojú wẹ̀yìn. Kò sí ohun tí màmá mi gbé lé orí nǹkan gé rí láyé wọn. Inú àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ti ń gé àlùbọ́sà. Ọ̀bẹ á máa bọ̀ tààrà sí àtàǹpàkò, á sì dúró níbi tó yẹ kó dúró. Bí wọ́n bá ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, abọ́ ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ á wà láàárín ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, ewé á wà lórí itan. Wọ́n á jókòó, wọ́n á dìde, wọ́n á tún jókòó, bí ogún ìgbà lójúmọ́. Orúnkún wọn máa ń ké. Bí mo bá kígbe pé "Màmá!", wọ́n á ní, "Má dá orúnkún lóhùn. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òun."

Báyìí ni mo mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ilé ìdáná yẹn. Nígbà náà, ohun tí mo rí kò ju obìnrin àgbàlagbà kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi pè wọ́n lórí fídíò. Wọ́n gbé fóònù ti ògiri, wọ́n sì ń bá ọbẹ̀ wọn lọ. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò pẹ́ tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ tí fọ́tò kan fi wọlé sórí fóònù mi, màmá lórí àpótí, wọ́n ká aṣọ wọn sáàárín itan, wọ́n di ọ̀bẹ mú. Àbúrò mi fi àwòrán ojú tó ń sunkún mẹ́fà sábẹ́ rẹ̀.

"Sístà, ṣé ilẹ̀ ni màmá wa ṣì ń jókòó sí dáná? Ní ayé tí a wà yìí? Ìyàwó mi ń bi mí pé ṣé màmá ò bímọ ni."

Èmi tí mo kàwé dé yunifásítì, tí mo máa ń fi àwọn tó ń gbé ère kìnnìún sórí géètì ṣe yẹ̀yẹ́, èmi tí mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ohun tí ará àdúgbò máa wí ló ń pa ará Èkó, ojú tì mí. Mo wo fọ́tò náà bí ìgbà tí wọ́n ká mi mọ́bi tí mo ti ń jalè.

"Gíránáìtì," ni àbúrò mi wí. "Káńtà gidi. Kí wọ́n máa dúró dáná bí èèyàn. Orúnkún wọn náà á sinmi."

Orúnkún yẹn wúlò fún wa gan-an. Bí ìtìjú bá ti fẹ́ yọjú nínú ọ̀rọ̀ wa, a ó fi orúnkún màmá bò ó.

A ò sọ fún wọn. A mọ̀ pé bí a bá sọ fún wọn, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́. Ẹ ò rí i pé a ti gbọ́ ìdáhùn wọn kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe dé Pápá Àjàó nìyẹn. Oníṣòwò wa, nígbà tó ti gbà pé màmá mi ń mí, bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi rin ìrìn àjò káàkiri ayé. "Eléyìí, Ítálì ni. Eléyìí, Bìràsíìlì. Ìyẹn, Íńdíà ni, ṣùgbọ́n Íńdíà olówó." Mo nawọ́ sí ọ̀kan tó wà ní kọ̀rọ̀, aláwọ̀ eérú, tó rẹwà lójú tèmi.

"Ìyẹn ńkọ́?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀ ju ìgbà tó ń kẹ́dùn lọ. "Àǹtí, ìyẹn, ilẹ̀ wa níbí ló ti wá."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò sóhun tó ṣe é. Kò rìn jìnnà ni." Ó fà mí padà sọ́dọ̀ èyí tó dúdú. "Ẹ fọwọ́ kan eléyìí. Kí lẹ gbọ́?"

"Ó tutù."

"Òtútù yẹn gan-an ni Ítálì."

Mo pe àbúrò mi kó lè fojú rí i. Ó ní kí n sún fóònù mọ́ ọn, kí n yí i sọ́tùn-ún, kí n yí i sósì. Ó bi oníṣòwò bóyá òkúta náà máa pẹ́.

"Ọ̀gá mi," ni oníṣòwò wí, "òkúta yìí á pẹ́ ju gbogbo wa lọ."

Ó mú inú àbúrò mi dùn. A mú dúdú.

A fi ọgbọ́n kó màmá lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fura. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ẹnì kan kú ni. Ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ, ọkùnrin tó máa gé òkúta dé pẹ̀lú tépù rẹ̀. Ó wo ilé ìdáná yíká, ó wo gáàsì tó wà nílẹ̀, ó wo àpótí.

"Ta ló máa máa lò ó?"

Aago mẹ́sàn-án ti lù, mo ní ìpàdé ní ọ́fíìsì. "Gbogbo wa ni."

"Ẹ dúró síbí, Àǹtí. Ẹ na ara yín. Ẹ ká apá bí ẹni tó fẹ́ gé ẹran." Ó wọ̀n mí láti ilẹ̀ dé ìdí, ó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí sìgá. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, mo ga bíi bàbá mi. Màmá kò ju abẹ́ apá mi lọ. Kò sí èyí tó jẹ́ àṣírí nínú rẹ̀, mo ti ń dì mọ́ wọn láti kékeré. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wà níbẹ̀, èmi ni mo ń kánjú, èmi ni wọ́n sì wọ̀n.

Nígbà tí wọ́n ń mọ búlọ́ọ̀kù, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé kí ni kí àwọn ṣe sí àpótí. Mo ní kí wọ́n gbé òun àti gáàsì ilẹ̀ dànù.

Ọjọ́ tí màmá padà dé, a ṣe ìyàsímímọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa bí mo ṣe ń kọ ọ́: ìyàsímímọ́ ilé ìdáná. Àwọn ìyá ìjọ wá, àlùfáà wá, àbúrò mi wá lórí fóònù, ẹnì kan gbé e sókè bí ẹni gbé àsíá. Àlùfáà gbọ́wọ́ lé gíránáìtì, ó ní kí iná má ṣe kú níbẹ̀, kí ìkòkò má ṣe gbẹ. A ṣe àmín.

"Ìyá wa," ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ kígbe, "ẹ ti di ará Lẹ́kí!"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀ ná," ni màmá dáhùn, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dúró ti káńtà náà kí a lè yà wọ́n ní fọ́tò. Etí òkúta náà kàn wọ́n láyà. Mo rí i. Mo rí i kedere pé àyà ló kàn, ohun tí mo sì ń rò ni pé kí wọ́n gbé orí sókè díẹ̀ kí dídán òkúta lè hàn lójú wọn.

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní ilé ìdáná ọba ni a kọ́ fún àwọn. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n gbàdúrà fún àbúrò mi, wọ́n gbàdúrà fún ìyàwó rẹ̀ tó béèrè bóyá àwọn kò bímọ, wọn kò sì mọ̀. Wọ́n fi ìka kan kan òkúta náà, wọ́n sì yára fà á padà.

Oníṣòwò wa ti fún mi ní òfin. A kò gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò gbígbóná lé e. A kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí epo pupa tàbí omi òroǹbó pẹ́ lórí rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ gé nǹkan sára rẹ̀. Òkúta tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ayé, èyí tó fi odindi òkun ṣe ọ̀nà, epo ọbẹ̀ ló kù tó máa ṣe é lọ́ṣẹ́. Mo tẹ àwọn òfin náà sínú ìwé, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Tíṣà ni màmá mi. Wọn kì í rú òfin tí a bá ti kọ sára ògiri.

Láàárín oṣù kan, wọ́n ti fi aṣọ funfun bo káńtà náà. Oṣù kejì, òdòdó oníke wà lórí aṣọ. Lẹ́yìn náà, fọ́tò bàbá mi dé ibẹ̀ nínú férémù. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Mo máa ń wá jẹun lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á sì gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún mi nínú àwo tó dáa, ọbẹ̀ pupa fòò, ẹran rírọ̀, ata tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Mo jẹ, mo lá ọwọ́. Mo pe àbúrò mi.

"Gíránáìtì yẹn ti mú ọwọ́ màmá dùn sí i o."

"Ṣé ẹ rí i, Sístà? Àyíká ni. Bí àyíká bá ti dáa, ọpọlọ á máa ṣiṣẹ́." Ó ti kà á níbì kan.

Mo rí i pé màmá ń rù. Mo ní ìyẹn dáa fún orúnkún.

Ní oṣù keje lẹ́yìn ìyàsímímọ́, iṣẹ́ kan gbé mi dé Sùúrùlérè lọ́jọ́ Sátidé, mo sì yà láì pè wọ́n. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sílẹ̀. Gáàsì tuntun olójú mẹ́rin tó wà lórí òkúta tutù bí òkúta náà. Eruku wà lórí rẹ̀, eruku tó ti pẹ́, tí èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ sí. Mo bá màmá lẹ́yìnkùlé, lórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lú gàrí tí wọ́n rẹ sínú kọ́ọ̀pù. Aago méjì ọ̀sán ni.

Kí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, obìnrin tó ń gbé ilé kejì, tó ń ta oúnjẹ lójú ọ̀nà, gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Ó gbé kúlà oúnjẹ dání. Ó rí mi, ó dúró gbagidi.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ṣebí ọ̀la lẹ máa ń wá?"

"Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Ọbẹ̀ ni."

"Ọbẹ̀ ta ni?"

Ó wo màmá. Màmá wo kọ́ọ̀pù gàrí wọn. "Gbé e wọlé, jàre," ni wọ́n wí. "Ojú rẹ̀ ti rí i."

"Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi jà," ni obìnrin náà wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín fẹ́ já lẹ́nu rẹ̀. "Ọbẹ̀ tẹ́ ẹ ń yìn láti ọjọ́ yìí, èmi ni mò ń sè é. Orí ààrò onígi ni. Lọ́jọ́ Sunday tí mo gbọ́ tẹ́ ẹ ń sọ lórí fóònù pé gíránáìtì ló mú un dùn, díẹ̀ ló kù kí n yọjú kí n ní ẹ ṣeun." Nígbà tó rí ojú mi, ó pa ẹ̀rín náà rẹ́. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń rán mi níṣẹ́. Ọjọ́ tó kù, bí mo bá gbé nǹkan wá, wọ́n á ní àwọn ti jẹun."

Ó gbé kúlà sílẹ̀, ó lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

"Kí n sọ kí ni? Pé ọmọ mi ṣe mí lóore, ọwọ́ mi ò tó ibi tó gbé e sí?"

"Màmá."

"Mo gun àga lọ́jọ́ kan. Òòyì kọ́ mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò lórí tábìlì. Ṣé kí n wá máa gùn ún lọ́jọ́ ogbó?"

"Ẹ ò bá pè mí. À bá ti gé e kúrò."

Wọ́n fi ṣíbí ro gàrí náà. "Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́," ni wọ́n wí. "Pé ọjọ́ tí mi ò bá lè dáná mọ́. Bí mo bá pè ọ́ pé n ò lè dáná, ṣé kì í ṣe mọ́tò lo máa gbé wá?"

Lóòótọ́, mọ́tò ni ǹ bá gbé wá.

Mo pe àbúrò mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó sunkún díẹ̀, ó sì rí ojútùú. Ọmọ ọkùnrin ni, ojútùú kì í jìnnà sí i. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gbé àga gíga kan dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ẹlẹ́sẹ̀ kan, tó ń yí kiri, irú èyí tí àwọn ọ̀mùtí máa ń jókòó lé nínú báà. Èmi àti obìnrin ilé kejì gbé màmá lé e. Ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Àga náà yí wọn sọ́dọ̀ ògiri, ó tún yí wọn sọ́dọ̀ fèrèsé. Wọ́n di etí gíránáìtì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò sì sí ọwọ́ kẹta tí wọ́n máa fi mú ọ̀bẹ.

"Ẹ gbé mi sọ̀ kalẹ̀," ni wọ́n wí. "Èmi kì í ṣe ẹyẹ."

Mo pe ọkùnrin tó gé òkúta. Ó wò ó, ó fọwọ́ gbá búlọ́ọ̀kù. "Àǹtí, wọn kì í rẹ eléyìí sílẹ̀. Bí a bá ní kí a gbé e, ibi tí a gé ihò síǹkì sí ló máa kọ́kọ́ ya."

"Ẹ gbé e."

"Ẹ pe ẹni tó sanwó o."

Mo pè é. "Sístà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ!" ni àbúrò mi ń pariwo nínú fóònù, bí àwọn ọkùnrin márùn-ún ṣe ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta. Mo gbé fóònù náà dojú bolẹ̀. Wọ́n ka ení, èjì, wọ́n gbé e. Ó dún bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá dá. Ó ya síbi síǹkì bí ó ṣe wí, ọ̀kan bọ́ lulẹ̀, táìlì mẹ́ta fọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà.

Màmá wà ní pálọ̀. Mo lọ bá wọn.

"Ó ti fọ́?"

"Ó ti fọ́, Màmá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Sọ fún àbúrò rẹ pé kó má bínú sí mi."

A fọ́ búlọ́ọ̀kù, a kó o dànù, a tẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀. Mo ra gáàsì olójú kan, mo ní kí káfíńtà kan àpótí tuntun, mo wọ̀n ọ́n fúnra mi, mo tún padà lọ wọ̀n ọ́n. Mo to ata àti iyọ̀ sẹ́yìn, omi sósì, ìkòkò sọ́tùn-ún. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo rò pé a ti tún un ṣe.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gba ìsinmi ní ọ́fíìsì kí n lè wà níbẹ̀. Màmá wọ aṣọ iṣẹ́ wọn. Èmi di ọwọ́ kan mú, obìnrin ilé kejì di ìkejì mú, wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí àpótí. Ó gba àkókò. Orúnkún wọn kò ké, ó ti gan. Wọ́n mú àlùbọ́sà, wọ́n gé e nínú àtẹ́lẹwọ́, ọ̀bẹ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń wo àtàǹpàkò wọn láì mí. Wọ́n se ẹ̀wà. Wọ́n fi epo sí i, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní iyọ̀ kù. Ọwọ́ wọn wá iyọ̀ náà lẹ́yìn, kò rí i, mo sì fi ẹsẹ̀ sún un mọ́ wọn kí wọ́n má baà mọ̀. Obìnrin ilé kejì tọ́ ọ wò, ó ní, "Màmá, ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi nìyẹn. Àwọn oníbàárà mi á sá wá bá yín." Màmá rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ dìde.

Wọ́n fi ọwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n gbé ara, ara padà sílẹ̀. Wọ́n ní kí a má fọwọ́ kan àwọn. Wọ́n tún gbìyànjú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n di ìkòkò mú láì mọ̀, ó gbóná, wọ́n sì fi í sílẹ̀ láì ké. Oṣù mẹ́jọ ni wọn kò fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọn kò sì fi dìde. Ogún ìgbà lójúmọ́, mo ti sọ ọ́, lórúnkún tó ń ké. Gbogbo ìgbà tó ń ké yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Àwa la fún un ní ìsinmi.

A gbé wọn dìde, obìnrin ilé kejì lábíyá kan, èmi lábíyá kejì. Wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ ti ògiri, wọ́n gbọn aṣọ wọn. Wọ́n wo ẹ̀wà tó wà lórí iná.

"Wá pa gáàsì yẹn," ni wọ́n sọ fún mi. Nígbà tí mo pa á tán, wọ́n ní, "Ṣé a lè lọ kó tó di Sunday? N ò fẹ́ kí àwọn ìyá ìjọ bá mi níbi tẹ́ ẹ bá ti ń gbé mi sínú mọ́tò."

A lọ ní Ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n bu ata, wọ́n bu iyọ̀, wọ́n da epo tó kù sínú ìgò, wọ́n kó o fún obìnrin ilé kejì. Wọ́n kó ìkòkò fún un pẹ̀lú, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ èyí tó máa ń jó lábẹ́ àti èyí tí ìdérí rẹ̀ kì í bá a mu.

Oníṣòwò wa pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ mọ bóyá òun lè fi fọ́tò ilé ìdáná màmá tí mo fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ ìyàsímímọ́ polówó ọjà. Ó ní màmá ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ó ní ó wúni lórí. Mo sọ fún un pé òkúta náà ti fọ́. Ó ní kò burú, pé fọ́tò kò fọ́.

Àjà kẹta ni mò ń gbé ní Yábàá. Mo fi àga sẹ́nu fèrèsé fún màmá kí wọ́n lè máa wo òpópónà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé, mo yọjú láti ilé ìdáná, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa jẹ. Gbogbo ayé mi, n kò mọ ẹnì kankan tó mọ ohun tó fẹ́ jẹ bíi màmá mi. Wọ́n lè dá ọbẹ̀ padà nítorí edé, wọ́n lè kọ mọ́ínmọ́ín torí pé inú agolo ni wọ́n ti sè é.

"Ohun yòówù tó bá wà," ni wọ́n dáhùn, wọn kò yíjú kúrò lójú fèrèsé. "Má ṣe wàhálà nítorí mi."

Ìdáhùn àlejò ni. Mo padà wọlé, mo gbé ìkòkò ka iná, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé àlùbọ́sà lórí káńtà tí wọ́n kọ́ bá gíga mi mu.